Wáyà Kẹta Màmá Mabel

Bí aránṣọ bá rí etí okùn tó ń rọ̀ dirodiro, ọwọ́ rẹ̀ á máa yún un ni, àfi kó ta á ní kókó. Màmá Mabel ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ránṣọ ní Sùúrùlérè kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ojú ló ṣe bàìbàì o, ọwọ́ ò gbàgbé.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, láàárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, bó ṣe rí wáyà kan tó ń rọ̀ lẹ́yìn àpótí kékeré oníná wínníwínní tó wà ní pálọ̀ rẹ̀, ṣe ló kì í bọ ihò tó ṣófo, tó sì gbé ìdí ńlá rẹ̀ padà sórí àga. Inú rẹ̀ dùn pé òun ti ṣiṣẹ́ ilé.

Kò pẹ́ rárá tí Jethro, ayálégbé òkè, fi figbe ta: "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti kú o!"

Màmá bojú wo fóònù ńlá tí wọ́n gbé ka iwájú rẹ̀. Òbìrí kékeré kan ń yí lójú rẹ̀, fóònù ò gbé nǹkan kan jáde. Bọ́lárìnwá, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà, ti kìlọ̀ fún gbogbo ará ọ̀hún pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe orúkọ ọmọ tuntun tí ìyàwó òun bí kí Màmá tó pè é. Màmá sì fẹ́ rí ojú ọmọ yẹn pẹ̀lú ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù fún un.

Motọ́lání, àbúrò Bọ́lárìnwá, sáré sọ̀ kalẹ̀ látòkè. Iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń ṣe ní Yaba, òun náà ló sì fa wáyà inú ilé.

"Màmá, ta ló fọwọ́ kan ibí?"

"Àwọn ọmọ aráyé ni."

Motọ́lání kàn ń wò ó.

"Ó dáa, ọmọ aráyé náà rèé níwájú ẹ. Wáyà yẹn dá wà, àánú ẹ̀ ló ṣe mí!"

Motọ́lání bú sẹ́rìn-ín, ó fa wáyà náà yọ. "Màmá, àpótí mẹ́ta ló wà nínú ilé yìí, ọ̀kan ní àjà kọ̀ọ̀kan. Wáyà kan wá láti ìsàlẹ̀ sọ́dọ̀ yín, òmíì ti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ìkẹta yìí ló wá láti òkè síbí. Bẹ́ ẹ ṣe ki wáyà yìí bọ ihò, ọ̀nà di òbìrí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ní kí gbogbo ilé gbọ́ á kàn máa yí po, á sì máa pọ̀ sí i."

"Bí òfófó Muṣin! Á yí padà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, òun náà á tún rò pé tuntun ni."

"Gẹ́lẹ́! Mo fẹ́ kọ́ àwọn àpótí náà níwà kí n tó so ó ni, ẹ̀yin lẹ yá jù mí lọ." Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ títí. "Ní báyìí, wọ́n ti yan olórí, èyí tó wà nísàlẹ̀. Àwọn yòókù á di ọ̀nà tó yá jù dé ọ̀dọ̀ olórí mú. Èyí tó bá fẹ́ sọ ọ̀nà di òbìrí, wọ́n á tilẹ̀kùn ẹ̀." Ó ki wáyà kẹta bọ ihò padà. Jethro ò ké mọ́.

Màmá tẹjú mọ́ wáyà náà. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ó wá jókòó lásán nìyẹn. Bí èmi, látìgbà tí mi ò ti rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́."

Motọ́lání lóṣòó síwájú rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Kò jókòó lásán o, Màmá. Olórí ń kí wọn léraléra, ìkíni yẹn sì ń gba ojú ẹ̀ wọlé. Ó ń gbọ́, ó mọ̀nà. Bí èyí tó ń ṣiṣẹ́ bá já, ojú ẹsẹ̀ ló máa ṣílẹ̀kùn. Irú àpótí àtijọ́ ló máa ń kọ́kọ́ rò ó títí kó tó ṣílẹ̀kùn."

"Ẹnu dùn-ún ròfọ́," ni Màmá wí, ṣùgbọ́n kò gba ọwọ́ rẹ̀ padà.

Ìgbà tó yá, Bọ́lárìnwá yọ lójú fóònù, Caroline ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ lọ́wọ́, àwọn èèyàn dúró lẹ́yìn wọn. "Màmá, ẹ fún wa lórúkọ."

Màmá gbé fóònù sún mọ́ imú. Iwájú orí ọmọ náà yọ gọngọ bíi tirẹ̀. "Yéè! Orí mi rèé!" Ó fò dìde, ó ń jó. Etí ìró rẹ̀ kọ́ wáyà àpótí, ó sì já a yọ fàù!

Motọ́lání di ẹnu mú. Ijó ni ò jẹ́ kí Màmá mọ nǹkan kan. Àwòrán dúró díẹ̀, bí ìgbà téèyàn ṣẹ́jú, ọmọ sì yán.

"Máyọ̀kún!" ni Màmá pè, omi lójú. "Máyọ̀kún Àṣàkẹ́!"

"Máyọ̀kún!" ni wọ́n gbè é láti Kánádà.

Lẹ́yìn tí wọ́n dágbére tán ni Màmá tó rí wáyà nílẹ̀. "Èwo tún nìyí?"

"Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni. Ìró yín ló fà á yọ."

"Ta ló wá gbé ọmọ wá bá mi?"

Motọ́lání nawọ́ sí wáyà kẹta. Màmá sún mọ́ ọn. Ó fi ìka kan án bí ẹní fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ. "O ṣé o, ẹlẹgbẹ́ mi."

Àmọ́ èyí tó wà nílẹ̀ ń yún un lọ́wọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìdí, ó jókòó lé wọn.

Ẹ̀rín pa Motọ́lání. "Ẹ ki wáyà yẹn bọ ihò padà, Màmá. Wọ́n ti gbọ́n."

Màmá fi ìka wá ihò náà, bó ṣe máa ń wá ihò abẹ́rẹ́ láyé ọjọ́un. Ó dún kẹ́. Àwọn méjèèjì gbójú sókè àjà, wọ́n ń tẹ́tí sí Jethro.

Jethro ò ké.