Ìṣẹ́jú Méjì ní Ilé-Ogbó

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 2023, ní aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá òwúrọ̀, ṣéènì kẹ̀kẹ́ Aqeelah já ní agbedeméjì òkè Ẹ̀fọ̀n.

Ọláṣùpọ̀ ti bẹ́ sílẹ̀ kí bọ́ọ̀sì tó dúró. Sípánà wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, òòlù kékeré wà lọ́wọ́ òsì, ó sì fi eyín di ojú ṣéènì kan mú, èyí tó ti pa mọ́ sápò láti Ìwó. Ó mọ̀ pé ṣéènì náà yóò já. Ohun tí kò mọ̀ ni ibi tí yóò já sí.

"Bàbá Kékeré, wọ́n ń lọ o!" Aqeelah ń jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ létí títì. Òógùn ti mú híjáàbù lẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn lábẹ́ akoto.

"Jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Òkè yìí ò lọ síbì kankan. Di kẹ̀kẹ́ mú."

Àjíkẹ́, ìyá Aqeelah, yọ orí lójú fèrèsé bọ́ọ̀sì. "Ọkọ mi, ẹ bá mi fún un ní mọ́ínmọ́ín kan kó tó lọ." Ọkọ ni ó máa ń pe Ọláṣùpọ̀, nítorí àbúrò Abdulhafeez, ọkọ rẹ̀ tó kú, ni, ó sì ti wà nílé kí wọ́n tó gbé òun níyàwó wọlé.

"Ìyàwó, ṣéènì ló já, kì í ṣe ìfun."

Ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ ni ó fi so ó pọ̀. Bí Aqeelah ṣe gorí kẹ̀kẹ́, Ọláṣùpọ̀ na ọwọ́ láti tì í, ó rántí, ó sì yára kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Òfin ìdíje ni pé atúnkẹ̀kẹ́ṣe lè tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ran oníkẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Wọn ò gbọdọ̀ tì í, wọn ò gbọdọ̀ fà á, wọn ò gbọdọ̀ dì í mú.

Jonathan, olùkọ́ ọ̀dọ́ tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé tí wọ́n yá wọn, tẹ iná lé e. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí omi mọ́tò fi hó. Omi mímu gbogbo wọn ni wọ́n dà sí i, wọ́n sì jókòó sórí òkúta títí ó fi tutù. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà níbẹ̀ ni Àjíkẹ́ bi léèrè ọmọ rẹ̀.

"Èyí tó wé híjáàbù? Ó ti kọjá tipẹ́. Àwọn tó kù ló wà lẹ́yìn, tí wọ́n ń mí bí ewúrẹ́ tó fẹ́ bímọ."

Nígbà tí wọ́n fi máa dé Ẹ̀fọ̀n, wọ́n ti wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé fún Aqeelah, ẹ̀wù tí ẹni tó ṣíwájú gbogbo ènìyàn máa ń wọ̀. Ọmọbìnrin méjìlélógójì ló ń du ìdíje náà. Ọjọ́ kìíní gbé wọn láti Ìwó dé Òṣogbo, ọjọ́ kejì gbé wọn dé Iléṣà, ọjọ́ kẹta ni ti òkè. Nígbà tí wọ́n ro àkókò ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, Aqeelah fi ìṣẹ́jú kan gééré ṣíwájú Rìnsọ́lá, ọmọ Iléṣà tí ìyá rẹ̀ ti ń rán an lọ pọn omi lórí òkè láti kékeré. Ó ku ọjọ́ kan. Wọn yóò fi mọ́tò kó gbogbo wọn padà sí Òṣogbo, wọn yóò sì gun kẹ̀kẹ́ láti ibẹ̀ gba Ẹdẹ, Kuta àti Ilé-Ogbó padà sí Ìwó.

Kẹ̀kẹ́ tuntun kan ni ẹni tó bá borí yóò gbà. Ọláṣùpọ̀ ti gbé e wò ní Ìwó lọ́jọ́ tí wọ́n fi hàn wọ́n. Kò wúwo ju ọmọ oṣù mẹ́sàn-án lọ. Ibùdó ìgbáradì kan sì wà tí wọ́n ti pe Aqeelah sí fún oṣù kìíní, ṣùgbọ́n wọn kì í gba ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò yè kooro. Ti Aqeelah kò yè. Àlòkù tó wá láti Kutọnu ni. Ara irin rẹ̀ ti kán ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 2021, ó tún kán ní ogúnjọ́ oṣù kẹjọ ọdún 2022. Wẹ́dà tó jó o pọ̀ nígbà kejì ti sọ fún Ọláṣùpọ̀ pé, "Bó bá tún kán, ẹ má gbé e wá. Ẹ wá ẹni tí yóò bá yín sin ín."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí Ọláṣùpọ̀ ṣe ń fi òróró sí ṣéènì, ọwọ́ rẹ̀ dúró lójijì.

"Ilé-Ogbó," ó ní.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ sí Ilé-Ogbó, sà?" Jonathan bèèrè.

"Alhaji."

Alhaji Mùkáílà ni ẹ̀gbọ́n Ọláṣùpọ̀, òun sì ni olórí ẹbí wọn. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ọdún 2022, ó jókòó síwájú ilé rẹ̀ ní Ilé-Ogbó, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Aqeelah gun kẹ̀kẹ́ kọjá bí ọta ìbọn. Kò rí Alhaji, ṣùgbọ́n Alhaji rí i. Àwọn aládùúgbò rò pé ṣòkòtò tí ọmọbìnrin náà wọ̀ ni yóò bí i nínú. Alhaji kò sọ nǹkan kan nípa ṣòkòtò. Ó ní, "Ọmọ Abdulhafeez kọjá lára mi, kò kí mi." Láti ọjọ́ náà kò dé ṣọ́ọ̀bù Ọláṣùpọ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Aqeelah lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n ní ó ń sùn. Lẹ́ẹ̀kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló ké láti inú yàrá pé, "Ẹ sọ fún un pé mo ti sùn!"

"Ìyàwó," Ọláṣùpọ̀ ní, "pe àwọn ará Ilé-Ogbó. Kí wọ́n mú Alhaji lọ sóko lọ́la. Kí wọ́n ní àwọn màlúù ń jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ yìí bá fojú kàn án létí títì, ó máa dúró."

"Màá pè wọ́n," Àjíkẹ́ ní. Ó sì gbé fóònù rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì.

Ní ọjọ́ Sátidé, bọ́ọ̀sì wọn ni ó ṣìkẹrin nínú àwọn ọkọ̀ tó ń tẹ̀lé ìdíje náà. Ọ̀nà tẹ́, oòrùn kò tíì mú, Aqeelah sì wà láàrin àwọn ọmọbìnrin méjìlá tó wà níwájú. Kò nílò láti ṣe nǹkan kan ju pé kó má jẹ́ kí Rìnsọ́lá kúrò lójú rẹ̀. Ọláṣùpọ̀ ń kọrin ní ìsàlẹ̀ ọ̀fun. Lẹ́yìn Kuta ni ó ṣàkíyèsí pé Àjíkẹ́ ti ń nu ojú, ó sì ti ń tún gèlè wé.

"Ìyàwó, ta lò ń múra dè?"

Àjíkẹ́ wo ojú fèrèsé.

"Ṣé o pe Ilé-Ogbó?"

"Mo pè wọ́n."

"Ṣé o ní kí wọ́n mú Alhaji lọ sóko?"

"Mo ní kí wọ́n gbé àga fún wọn síta."

Jonathan fẹ́rẹ̀ẹ́ wa bọ́ọ̀sì sínú gọ́tà.

"Ìyàwó! O ti pa wá!"

"Ẹ má pariwo lé mi lórí, ọkọ mi. Ọdún kan àti oṣù mẹ́wàá. Ẹ̀yin ń rò ti kẹ̀kẹ́. Ṣé kẹ̀kẹ́ ni yóò fa ọmọ mi lé ọkọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀? Bàbá rẹ̀ ti kú. Alhaji ni yóò fà á."

Jonathan ló dá sí i. "Mà, ṣé kò kàn lè juwọ́ sí wọn kó máa lọ ni?"

"Juwọ́? Sí Alhaji? Ṣé ọlọ́kadà ni wọ́n ni?"

Wọ́n wọ Ilé-Ogbó. Alhaji jókòó ní apá ọ̀tún nínú agbádá funfun, wọ́n sì ti gbé àga rẹ̀ sún mọ́ títì débi pé bàtà rẹ̀ wà lórí ọ̀dà. Àwọn obìnrin ilé dúró lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ fẹ́ kọjá bí afẹ́fẹ́. Ọláṣùpọ̀ rí i tí ẹ̀wù aláwọ̀ ewé yí orí sọ́tùn-ún. Ó rí i tí ẹ̀yìn rẹ̀ nà.

"Má ṣe é," Ọláṣùpọ̀ ní, bí ẹni pé ó lè gbọ́. "Aqeelah, má ṣe é."

Aqeelah tẹ bíréèkì. Ó fara balẹ̀ gbé kẹ̀kẹ́ ti àpótí kan, ó rìn padà pẹ̀lú bàtà tó ń ró kò-kò-kò, ó sì fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, sà."

Alhaji wò ó. "Ta nìyí?"

"Aqeelah ni, sà. Ọmọ Abdulhafeez."

"Ẹ̀n-ẹ́n. O rí mi lónìí."

"Mo rí yín, sà. Ìdíje la wà, sà."

"Mo mọ̀. Ìyá rẹ ti sọ fún mi. Ìdí tí mo fi fẹ́ ṣàdúrà fún ẹ nìyẹn. Tẹ orí ba."

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé akoto rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni fèrè dún. Ọ̀gbẹ́ni Ògúntóyè, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ ìdíje, ti sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù rẹ̀, ó ń sáré bọ̀.

"Bàbá, ẹ gbọ́wọ́ kúrò! Òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́!"

"Àdúrà ni mò ń ṣe," Alhaji ní.

Ògúntóyè dúró, ó ronú. "Ṣé àdúrà kì í ṣe ìrànlọ́wọ́ ni, sà?"

"Bí o bá mọ̀ pé ìrànlọ́wọ́ ni, ṣí akoto rẹ kí o ṣe àmín."

Ògúntóyè ṣí akoto.

"Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí o ṣubú."

"Àmín."

"Ẹsẹ̀ rẹ kò ní rẹ̀ ẹ́."

"Àmín."

Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí wọ́n ti já sẹ́yìn láti Ẹdẹ kọjá lọ. Ọ̀kan nínú wọn bojú wẹ̀yìn tìyanu-tìyanu.

"Ẹnikẹ́ni kò ní yà ọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà."

"Àmín!" Aqeelah ti ń ṣe àmín kí àdúrà tó parí.

"Àwọn tí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀..."

"Àmín!"

"Mi ò tíì sọ ọ́ tán."

"Ẹ má bínú, sà."

Ọláṣùpọ̀ sáré dé pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. Ó ti mọ ohun tí ó fẹ́ sọ. Ó fẹ́ sọ pé ẹ̀gbọ́n òun ń ba ayé ọmọ náà jẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí bí ó ṣe lè wà ní ìdúró sọ ọ́. Kí ó tó mọ̀, àyà rẹ̀ ti kan ilẹ̀, sípánà náà sì ti yí lọ sábẹ́ àga.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, àkókò..."

"Ọláṣùpọ̀. Ìwọ náà nìyí. Òrùlé rẹ tí afẹ́fẹ́ ṣí ńkọ́?"

"A ti kàn án, sà."

"Ìyàwó rẹ?"

"Ó wà, sà."

"Àwọn ọmọ?"

"Gbogbo wọn wà, sà, wọ́n kí yín, sà, Alhaji, ẹ jọ̀ọ́!"

"Sùúrù, Ọláṣùpọ̀. Ìkánjú kò dára." Alhaji gbé ọwọ́ kúrò lórí ọmọ náà. Ohùn rẹ̀ yí padà díẹ̀. "Dìde, ọmọ mi. Máa lọ. Má jẹ́ kí wọ́n máa dúró dè ẹ́."

Láti ilẹ̀ tó wà ni Ọláṣùpọ̀ ti wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ.

Aqeelah gun kẹ̀kẹ́ náà bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ó lé àwọn mẹ́ta yẹn bá kí wọ́n tó jáde nílùú, ó sì kọjá wọn láìwo ojú wọn. Ní Olúpọ̀nnà, àwọn ará ìlú fò kúrò lójú títì. Nínú bọ́ọ̀sì, Àjíkẹ́ gbé orí lé ìjókòó iwájú. Ọláṣùpọ̀ ń tẹ́tí sí irin kẹ̀kẹ́ náà láti ojú fèrèsé. Ó ń ké ní ojú ibi tí wẹ́dà jó. Àwọn tó wà níwájú ti rò pé Aqeelah ti fi ìdíje sílẹ̀, wọ́n sì ti ń juwọ́ sí àwọn èrò. Ó gba ìṣẹ́jú àáyá mọ́kàndínlọ́gọ́ta padà lọ́wọ́ wọn kí ó tó wọ Ìwó.

Lẹ́yìn ìrun àsárì, Alhaji Mùkáílà sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù Ọláṣùpọ̀ ní Odò-Ọ̀rí ní Ìwó, nínú agbádá funfun kan náà. Ó mú sípánà lọ́wọ́. "O gbàgbé èyí," ó ní. Ó wo ṣọ́ọ̀bù náà yí po, ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àjíkẹ́ sáré gbé mọ́ínmọ́ín fún un. Ó jẹ méjì.

"Ipò kejì!" ó ní. "Nínú ọmọ méjìlélógójì! Gbogbo Ilé-Ogbó ló ti gbọ́. Ẹ wo iṣẹ́ àdúrà. Bí mi ò bá jáde síta lónìí, ṣé ẹ mọ ipò tí ì bá ṣe?"

Ọláṣùpọ̀ mọ̀ ọ́n. Ó ti dojú kẹ̀kẹ́ dé sílẹ̀, ó sì ti fi èékánná kan ojú ibi tí irin náà là sí, ó gùn tó ìka kan. Ó gbé orí sókè, ó la ẹnu.

"Àdúrà yín ni, sà," Aqeelah ní. Ó ti kúnlẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ń bu omi fún Alhaji. Ó wo Bàbá Kékeré rẹ̀ láti ibẹ̀, ó sì mi orí díẹ̀.

Ọláṣùpọ̀ pa ẹnu dé.

"Ọlọ́hun á tún gbé e ga," Alhaji ní. Ó mu omi. "Lọ́dún tó ń bọ̀, ibẹ̀ náà ni màá jókòó sí. Màá tiẹ̀ kó àwọn alfa mẹ́ta dání."

"Rárá o, Alhaji," Ọláṣùpọ̀ ní kíákíá. "Lọ́dún tó ń bọ̀, inú bọ́ọ̀sì ni ẹ máa bá wa wà."

Alhaji rò ó wò. "Ṣé mọ́ínmọ́ín máa wà?"

"Ó máa wà, sà," Àjíkẹ́ ní.

Inú Alhaji dùn. Ó sọ fún Aqeelah pé kí ó wá kí òun ní ọjọ́ Àìkú, kí ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kẹ̀kẹ́ náà kò ní lè dé Olúpọ̀nnà. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án ni Rìnsọ́lá fi borí, ó sì ti gbé kẹ̀kẹ́ tuntun náà lọ sí Iléṣà.