Okùn Ọrùn Ẹṣin Kvisle

Níbi tí mo fìdí sí báyìí ní Minnesota, adágún pọ̀ ju ilé lọ. Bí òtútù bá ti mú, omi á dì, àwọn ọmọ ọmọ mi á sì máa sáré lórí yìnyín bí ẹni ń sáré nínú pálọ̀. Èmi kì í bá wọn dé etí omi. Wọ́n á ní, "Màmá Àgbà, ojo yín ti pọ̀ jù." Mo máa ń ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀ ti iná mi. Àwọn kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí adágún Gjersvatn la ẹnu nílẹ̀ tí wọ́n ti bí mi.

Torleiv Rustebakke ni àbúrò ìyá mi. Ọmọ aláìnílẹ̀ ni wọ́n bí i, torí orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni bàbá wọn ń gbé, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sì fi ń san owó ibẹ̀. Adájọ́ Ravnholt ló rí i nínú oko ọ̀dùnkún tó ń kàwé létí kòtò, ló bá mú un lọ sílé, ó bọ́ ọ, ó yá a ní ìwé òfin. Bọ̀dá Torleiv di lọ́yà. Ó gba ilé padà fún àwọn opó tí onílẹ̀ fẹ́ lé síta, àwọn ará oko sì dìbò, wọ́n rán an lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Kristiania, olú ìlú wa. Èmi ni mo ń bá a tọ́jú ilé níbẹ̀.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, ilé ìgbìmọ̀ fẹ́ gbé àwọn mínísítà ọba lọ sílé ẹjọ́, nítorí pé gbogbo òfin tí aráàlú bá fẹ́, àwọn ni wọ́n ń gba ọba nímọ̀ràn pé kó kọ̀ ọ́. Ìbò ìhà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹnì kan péré lè yí i sọ́tùn-ún tàbí sósì. Mínísítà kan sì wà nínú wọn tó ti darúgbó, tí àìsàn ti ń bá a fà. Adájọ́ Ravnholt yẹn náà ni, ọba ti fi í jẹ mínísítà.

Àárín wàhálà yìí ni ìyá àgbà mi kú. A lọ sílé lọ sin ín. Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, Bọ̀dá gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ ojú irin ní òdìkejì Gjersvatn, torí ọ̀la ni ìbò.

Nílẹ̀ wa nígbà náà, oko kọ̀ọ̀kan ló ń gbé arìnrìn-àjò nígbà tó bá kàn án. Bó o fẹ́ràn ẹni náà, bó o kò fẹ́ràn rẹ̀, wàá gbé e ni. Ta ló kàn lọ́jọ́ yẹn? Amund Kvisle. Òun àti Bọ̀dá jọ dàgbà ni, ṣùgbọ́n ọmọlẹ́yìn ọba ni Amund títí dé mùdùnmúdùn eegun. Ní ojú sàréè gan-an ló ti sọ ọ́ sétí gbogbo èèyàn pé, "Gjersvatn kì í bi èèyàn bóyá ọlọ́lá ni kó tó gbé e mì."

Mi ò sùn nítorí ọ̀rọ̀ yẹn.

Láàárọ̀, ó gbé ọkọ̀ ẹṣin rẹ̀ dé, èyí tí kò ní ẹsẹ̀, tó ń yọ̀ lórí yìnyín. Ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba dé orúnkún.

"Ọlọ́lá jù lọ! Ṣé kí n tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún yín ni?"

"Amund, fi yẹ̀yẹ́ sílẹ̀," Bọ̀dá ní. "Ṣé yìnyín ṣì ń gbé èèyàn?"

"Ó ń gbé èèyàn. Lọ́yà ni mi ò mọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn wúwo."

Mo fa Bọ̀dá lápá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gba orí ilẹ̀."

"Bá a bá gba orí ilẹ̀, Gunvor, wọ́n á ti dìbò tán ká tó dé."

Amund ń yẹ okùn ọrùn Borka, abo ẹṣin rẹ̀, wò. Kò sí ẹṣin tó ń gorí yìnyín lóṣù Ẹrẹ́nà láìní okùn yìí. Bí ẹṣin bá jìn sómi, wọ́n á fún okùn náà mọ́ ọn lọ́rùn títí èémí á fi há sí i níkùn. Á wú, á léfòó, ìgbà yẹn ni wọ́n tó lè wọ́ ọ jáde. Ẹni tó bá ṣàánú rẹ̀ ló pa á. Ọmọdé abúlé wa mọ èyí kó tó mọ ábídí.

A gbéra. Omi ti ń dúró lórí yìnyín bíi ti agbada tí wọn kò nù. Ní abẹ́ wa, nǹkan ń kùn, á dákẹ́, á tún kùn níbi tó jìnnà. Ẹ̀ka igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láti fi ọ̀nà hàn tò lọ gbọọrọ níwájú. A kò tíì dé àárín tí Amund fi yà kúrò lójú ọ̀nà náà.

Mo ké sí i. "Bàbá Kvisle! Apá òsì ni àwọn ẹ̀ka wà o!"

"Mo rí wọn. Ta lo rò pé ó rì wọ́n? Omi ti jẹ abẹ́ ibẹ̀."

Mi ò gbà á gbọ́. Mò ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ gbàgàdà níwájú wa, mò ń rò ó pé bó bá fò sílẹ̀ báyìí, kí la fẹ́ ṣe? Mo yíjú sí Bọ̀dá. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ẹ̀yin náà ń bẹ̀rù ẹ̀?" mo sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Kì í ṣe Amund," ó ní. "Nígbà tí ibà fẹ́ pa mí, Gunvor, Ravnholt ló jókòó tì mí, ó ń fi ṣíbí bu ọbẹ̀ sí mi lẹ́nu. Lọ́la ni mo fẹ́ dìde níwájú gbogbo ayé kí n ní kí wọ́n fà á lọ sílé ẹjọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ẹnu mi á là."

Kò tíì pa ẹnu dé tí yìnyín fi ya.

Borka lọ gbìì, ó ku orí nìkan. Amund bọ́ sínú omi dé àyà, ó fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ ara rẹ̀ jáde, ó fa ọ̀bẹ yọ, ó gé awọ tó so ẹṣin mọ́ ọkọ̀. Ó ju ìdí okùn sí Bọ̀dá.

"Fún un!"

Bọ̀dá fà á. Borka ké, ohùn kan tí mi ò gbọ́ rí lẹ́nu ẹṣin, ojú rẹ̀ sì rọ̀ mọ́ Bọ̀dá. Ọwọ́ Bọ̀dá dẹ̀.

"Fún un, ọ̀dẹ̀!"

"Ó ń kú, Amund!"

"Bó o bá dẹ̀ ẹ́ ló máa kú!"

Mo já okùn gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ibi tí yìnyín ti wú, mo fà á títí ọwọ́ mi fi bó. Èmi ni ojú náà wá ń wò. Ahọ́n rẹ̀ yọ síta. Lẹ́yìn náà ni ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó dojú dé ẹ̀gbẹ́ kan, ó léfòó bí ìtì igi. Amund fa ọ̀pá onírin tó fi ń yẹ yìnyín wò yọ nínú ọkọ̀, ó kì í bọ abẹ́ ẹṣin náà, àwa mẹ́ta sì wọ́ ọ gòkè. Ó tú okùn lójú ẹsẹ̀. Borka nà sílẹ̀ bí òkú. Mo ti ń sunkún kí èémí tó wọ inú rẹ̀ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ.

"Ẹ jẹ́ ká padà," Bọ̀dá sọ kíákíá. Ó yá lẹ́nu rẹ̀ jù. "Bí ẹṣin yìí bá dúró, òtútù á pa á. Ilé rẹ ló sún mọ́, Amund. Gbogbo wa la máa padà."

Amund wò ó. Omi ti ń di yìnyín nírùngbọ̀n rẹ̀.

"Èmi ló ń padà. Ìwọ ń lọ."

"Amund..."

"Má fi ẹṣin mi bojú! Bó o bá fẹ́ sá fún ìbò, lọ sá nínú ilé ìgbìmọ̀, kí wọ́n rí ọ. Ìbò burúkú ni, àfi kí Ọlọ́run má jẹ́ kó ṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ò ní jókòó ti ọtí kó ní Kvisle ló dá lọ́yà dúró lójú yìnyín." Ó ti ọ̀pá onírin náà mọ́ ọn láyà. "Máa fi lu yìnyín kó o tó tẹ̀ ẹ́. Bó bá dún kì, tẹ̀ ẹ́. Bó bá dún bí àwo, yà. Kó o sì dá ọ̀pá mi padà!"

Ó di ìjánu Borka mú, àwọn méjèèjì sì sáré lọ sílé.

Bọ̀dá ṣíwájú, mo tẹ̀ lé e, mò ń fi ẹsẹ̀ mi sójú ẹsẹ̀ rẹ̀. Kì. Kì. Àwo. Á yà. Lẹ́ẹ̀kan, omi ru gba ihò tó lù, Bọ̀dá dúró, mo rò pé ó máa yí padà. Mi ò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó. Ó yà sápá ọ̀tún, ó tún lu yìnyín.

A bá ọkọ̀ ojú irin.

Lọ́jọ́ kejì, mo wà lókè níbi tí àwọn obìnrin ń jókòó sí nílé ìgbìmọ̀. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ó dìde, ó di àga iwájú rẹ̀ mú. Ó pẹ́ tó fi dákẹ́ débi pé àwọn kan yíjú wò ó. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Wọ́n yọ Ravnholt nípò kí òjò dídì tó yọ́ tán. Àwọn ọmọlẹ́yìn ọba fi òkúta fọ́ fèrèsé wa. Nígbà tó yá, Bọ̀dá fúnra rẹ̀ di mínísítà, òfin tó ṣe sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ aláìnílẹ̀ ní ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kí èyí tó ṣẹlẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún ìbò náà, ó pàdé Ravnholt lójú títì. Bàbá náà fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ kanlẹ̀, ó kọjá sí òdìkejì, kò wo ojú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an la lọ dá ọ̀pá Amund padà. A bá a tó ń sá koríko.

"Hẹ̀n, ọ̀pá mi! Mo rò pé ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e ni."

Bọ̀dá rẹ́rìn-ín. Borka wà lẹ́bàá ọgbà, ara rẹ̀ ń dán. Ó wá bá Bọ̀dá, ó ti imú bọ inú kóòtù rẹ̀. Mo mú búrẹ́dì pẹlẹbẹ jáde, mo nawọ́ sí i. Ó di etí mọ́ orí, ó ń fà sẹ́yìn, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Kò gbàgbé ọwọ́ náà," Amund ní.

Ọwọ́ Bọ̀dá dúró lọ́rùn ẹṣin náà. Ó wò mí títí.

"Gunvor, ṣé ó dùn ọ́?"

"Rárá o," mo ní. "Ó ṣáà wà láàyè."

Mo fi búrẹ́dì náà lé orí igi ọgbà. Nígbà tá a dé ẹnu géètì, mo bojú wẹ̀yìn. Borka dúró lókèèrè, ó ń wo búrẹ́dì náà, kò tíì fẹnu kàn án.