Ọwọ́ Tí Kò Gòkè

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣe akọ̀wé ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ni nípa afárá àti ojú ọ̀nà, ní yunifásítì kan ní àríwá Minnesota. Nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́rìnlá tí mo ń bá tẹ ìwé, obìnrin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, Hedda Lindqvist. Lọ́dọọdún, kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀, Hedda máa ń pe àwọn ọmọbìnrin tó ń ka ìwé oyè ọ̀mọ̀wé sí yàrá rẹ̀, á po kọfí fún wọn, á sì rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sá lọ sí ilé iṣẹ́ aládàáni, kí wọ́n dúró di olùkọ́. Ó ní bí wọ́n bá lọ, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò ní rí ẹni wò.

Nínú wọn, Leonie Marchetti ló gbà á gbọ́ jù. Iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí bí òtútù ṣe ń la òpó afárá. Ilé iṣẹ́ kan ní Chicago pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ̀, nítorí Hedda ti sọ fún un pé àyè olùkọ́ máa ṣí sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Àyè náà ṣí lóòótọ́. Ní oṣù kejì ọdún, Leonie wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pẹ̀lú oyún oṣù márùn-ún. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa débi pé Rourke, ọ̀gá ẹ̀ka wa, ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, márùn-ún nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó láti yan ẹni tó máa gba iṣẹ́ náà. Hedda wà lára wọn, èmi ni mo ń kọ àkọsílẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí àléébù nínú iṣẹ́ Leonie.

Rourke wá ní, “Ó mọ̀wé, a ò jiyàn. Àmọ́ ẹ ò rí ikùn ni? Ta ló máa bá a kọ́ kíláàsì tó bá ń tọ́mọ lọ́wọ́?” Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Rourke yíjú sí mi. “Arlene, má kọ ìyẹn o.”

Mo gbé bírò mi sílẹ̀.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí Hedda ti ń bẹ̀bẹ̀ fún yàrá ìwádìí tuntun, Rourke ló sì máa fọwọ́ sí i. Nígbà tó ní kí àwọn tó fẹ́ Leonie nawọ́ sókè, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dusek nìkan ló nawọ́. Hedda ń wo tábìlì.

Leonie wá bá mi. “Àǹtí Arlene, ẹ wà níbẹ̀. Kí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lindqvist sọ?”

Mo ní wọn ò gbà wá láyè láti sọ.

“Ó dáa,” ló wí. “Tó bá jẹ́ pé ó jà fún mi ni, ẹ ò bá ti sọ.”

Lọ́jọ́ Sunday, Hedda fúnra rẹ̀ lọ bá a nílé. Òun ló sọ bó ṣe lọ fún mi. Leonie gbé tíì fún un, ó jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, ó wá bi í pé, “Ṣé ẹ̀rù ló bà yín, mà, àbí ẹ gbà pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ?”

Hedda sọ fún un pé nígbà tí òun wà ní ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, òun fi oyún pamọ́ fún gbogbo ẹ̀ka. Ibi tí òun ti ń gbé kọnkéré ni oyún náà ti bàjẹ́ mọ́ òun lára, ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́, òun lọ kọ́ kíláàsì. “Nígbà tí wọ́n ní ká nawọ́,” ó ní, “nǹkan kan nínú mi sọ pé, èmi jìyà tèmi, kí ló dé tí òun ò ní jẹ tiẹ̀.”

Leonie dìde. “Ẹ máa lọ, mà. Ó ti rẹ̀ mí.”

Ilé iṣẹ́ Chicago ti gba ẹlòmíì. Leonie rí iṣẹ́ ní ọ́fíìsì ojú ọ̀nà kan ní Fargo, ibi tó ti ń kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù nípa afárá tí àwọn ẹlòmíì lọ yẹ̀ wò. Ó bí obìnrin ní oṣù kẹfà. Ó parí ìwé oyè rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wá gba oyè náà.

Hedda kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ìpàdé náà ránṣẹ́ sí díìnì, ọ̀gá Rourke, mo fi èyí tí Rourke ní n má kọ kún un, mo sì fọwọ́ sí i. Díìnì dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó tì í sínú fáìlì. Rourke ṣì ni ọ̀gá. Kò sẹ́ni tó dárúkọ yàrá ìwádìí mọ́.

Nígbà tí ewé tún ń rẹ̀, ọmọbìnrin mẹ́ta wá sí yàrá Hedda. Ó sọ ohun tó ṣe fún wọn kí wọ́n tó fẹnu kan kọfí. Ọ̀kan gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Àwọn méjì tó kù jókòó, wọ́n ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Hedda ti kọ lẹ́tà mẹ́ta sí Fargo. Èmi náà kọ ọ̀kan. Leonie ò fèsì.