Ojú Tó Ń Rí Òwú

Kóòtù ni Ìyá Alábẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ kí. Ẹ má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà níbẹ̀ ti rín ẹ̀rín tó tó gbogbo wa. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni, nílé ìfọṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ó ti gbé awò ojú rẹ̀ sókè iwájú orí bó ṣe máa ń ṣe, ó ń ti yàrá ẹ̀yìn bọ̀, ló bá rí àgbàlagbà kan tó dúró gbọnrangandan lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà lórí. Ó fi orúnkún kanlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ọ̀gá ń bọ̀."

Àgbàlagbà ò dáhùn.

"Ṣé àlàáfíà lẹ jí, sà?"

Ibi tó ti ń rò ó pé àgbà yìí mà gbéraga o ni àwọn tó ń lọ aṣọ ti bú sẹ́rìn-ín. Kóòtù dúdú ni, lórí àgbékọ́ onírin, tí ẹnìkan fi fìlà dé lórí. Ọ̀gá alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀ jáde wá wò ó. "Ìyá Alábẹ́rẹ́, ẹ dìde," ó ní. "Kóòtù náà ní òun ti gbọ́."

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ obìnrin yìí á ní ojú rẹ̀ ti fọ́. Irọ́ ni. Ọ̀ọ́kán ni kì í rí. Bó bá bọ́ awò, ẹni tó wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí i á di òjìji; ṣùgbọ́n ohun tó bá wà ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì sí imú rẹ̀, kò sí bó ṣe lè fara pamọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti hun ibi tí iná tàbí ìṣó bá ti lu aṣọ. Á yọ fọ́nrán òwú lára ìṣẹ́po inú aṣọ náà fúnra rẹ̀, á fi abẹ́rẹ́ tínínrín hun ún, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, títí ihò á fi pòórá. Awò ò wúlò fún un nídìí iṣẹ́ yìí: ooru áyọ́ọ̀nù á bò ó, bí kò bá sì bò ó, ṣe ló ń sọ òwú di kékeré sí i lójú rẹ̀. Ojú tí Ọlọ́run fún un gan-an ló fi ń hun aṣọ. Ọ̀gá alágbàfọ̀ kì í yin ènìyàn, ṣùgbọ́n bó bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ sókè, tó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, á ní, "Níbo ló ti ya tẹ́lẹ̀?" Oríyìn tirẹ̀ nìyẹn, Ìyá Alábẹ́rẹ́ sì máa ń gbé e relé bí ẹni gbé ẹ̀bùn.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ tó ń ta bàtà ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé ilé ìfọṣọ, ló gbé ọ̀rọ̀ kóòtù náà dé gbogbo ìdílé kí oòrùn tó kan àtàrí. Lọ́dún méjì sẹ́yìn ni wọ́n ti fi ìtànṣán ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún òun, tó sì da awò tirẹ̀ nù. Láti ọjọ́ náà ni etí ará ilé ò ti sinmi. Bí o bá bá a rìn, gbogbo pátákó ojú ọ̀nà ló máa kà sí ọ létí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún níṣẹ́ akéde. "Ilé òògùn! Yàrá wà fún ìyálò! Ẹ má tọ̀ síbí!" Ìyá Alábẹ́rẹ́ á ní, "Ọlọ́run ṣeun, a ti mọ ibi tí a kò gbọ́dọ̀ tọ̀ sí."

Ohun kan wà ṣá tí ẹ̀gbọ́n ti kíyè sí, tó gbé mì. Nílé ìsìn, àbúrò rẹ̀ kì í ka ìwé orin mọ́. Á na apá méjèèjì síwájú bí ẹni gbé omi gbígbóná, á wo ìwé náà fẹ̀ẹ́, á pa á dé, á sì máa kọrin láti orí. Ẹsẹ̀ kẹta ló máa ń tú u láṣìírí. Á di "hùn-hùn-hùn" títí dé àmín. Bí wọ́n bá bi í, á ní àwọn onítẹ̀wé ayé òde òní ò mọṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kí kóòtù!" ó wí lọ́jọ́ náà, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Mo kí i. Ó ní kí n kí ẹ."

"Ẹ máa fi ṣàwàdà. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, ìdí ìgò lójú! Lọ́la ẹ máa kí òpó iná."

"Bí òpó iná bá jù mí lọ, kí ló burú níbẹ̀?"

"Ẹ̀rù ló ń bà yín."

"Ẹ̀rù! Ìwọ tí nọ́ọ̀sì méjì di lẹ́sẹ̀ mú."

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni! Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ó sì rí ayé!"

Ẹnu ni Ìyá Alábẹ́rẹ́ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Láràárọ̀, kó tó gbàdúrà, ọwọ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ máa táràrà lórí àpótí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó ń wá awò. Ó wù ú kó fi ojú lásán mọ èyí tó ń wọlé bọ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀ kí onítọ̀hún tó lanu. Ó sì rò ó pé ohun tí òun kò ní ni wọ́n máa fi kún ohun tí òun ní: òwú á wà níbẹ̀, ayé á sì tún wà níbẹ̀. Ló bá kúnlẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí fún Ẹni tó ń dáhùn. "Olúwa, ìwọ lo dá ojú yìí. Bí o bá fẹ́ tún un ṣe, má jẹ́ kí ìgbéraga mi dí ọ lọ́nà. Bí o kò bá sì fẹ́, bá mi pa àbúrò mi lẹ́nu mọ́." Ó rò ó wò, ó rí i pé èkejì ni iṣẹ́ ìyanu tó le jù.

Ilé ìwòsàn ojú tí àbúrò rẹ̀ mú un lọ mọ́ débi tí ènìyàn á fi tijú láti sín níbẹ̀. Lára ògiri, àwòrán obìnrin kan wà tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń ju awò rẹ̀ sókè létí omi.

"Ta ló máa ṣa ìgò yẹn kó tó gún ọmọ ọlọ́mọ lẹ́sẹ̀?" Ìyá Alábẹ́rẹ́ bi àbúrò rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí níbí."

Omidan tó ń kọ orúkọ béèrè iṣẹ́ rẹ̀. Kó tó dáhùn, àbúrò ti gbà á sọ: "Oníṣòwò."

"Òwò wo ni mò ń ṣe?"

"Ẹ jẹ́ kó rọrùn fún ọmọ ọlọ́mọ. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìtàn ihò?"

Omidan kọ oníṣòwò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyá wa, lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, ẹ ò ní nílò awò mọ́ láéláé."

Láéláé! Ọ̀rọ̀ tí wòlíì máa ń gbààwẹ̀ kó tó sọ, ọmọ yìí sọ ọ́ bí ẹni ń kí ni káàsán.

Dókítà kéré lọ́jọ́ orí, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ó wo ìwé náà. "Ẹ ń ṣòwò, mà?"

"Irọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀." Ìyá Alábẹ́rẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Nígbà tó dé ibi ojú lásán, dókítà fi bírò sílẹ̀.

"Ṣé ẹ máa ń bọ́ awò kí ẹ tó hun ún?"

"Ṣé ẹ máa ń wọ bàtà wẹ̀ ni?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó gbé férémù onírin kan lé e lójú, ó ń ki ìgò bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ìlà tó kéré jù lára ògiri fi mọ́ kedere. "Bí ojú yín ṣe máa rí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ nìyí. Ẹ mú nǹkan tí ẹ ń hun, ẹ wò ó."

Kóòtù dúdú yẹn wà nínú àpò rẹ̀; ihò iná sìgá ló gbé e wá sílé ìfọṣọ, ó sì kù díẹ̀ kí ó parí. Ó gbé apá kóòtù náà sún mọ́ imú. Dúdú nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí òwú. Ó sún un sẹ́yìn. Àwọn òwú náà pò mọ́ ara wọn bí ẹrẹ̀.

"Dókítà, òwú dà?"

"Ojú tó ti kọjá ogójì ọdún kì í lè fa ìtòsí mọ́ra dáadáa, mà. Tiyín ń rí ìtòsí nítorí pé kò rí ọ̀ọ́kán. Tí mo bá fún yín ní ọ̀ọ́kán, mo máa gba ìtòsí."

"Ẹ ò wá lè fi ọ̀kan kún èkejì?"

"Mi ò lè ṣe é."

"Omidan ìta ní láéláé."

Dókítà wo ilẹ̀kùn. "Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn." Ó wá gbé ìgò ìkàwé lé orí èyí tó wà níbẹ̀. "Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi irú èyí ṣiṣẹ́, ó sì ń ṣe wọ́n lóore. Ẹ̀yin lẹ máa pinnu." Òwú padà wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹja lábẹ́ omi. Awò sì rèé, tí ooru áyọ́ọ̀nù á tún máa bò.

"Àsọdùn ni!" àbúrò bú jáde. "Èmi tí mo ṣe é ńkọ́? Kí ni mi ò rí?"

"Gba." Ẹ̀gbọ́n na abẹ́rẹ́ àti òwú sí i. "Ki òwú bọ̀ ọ́."

Àbúrò fi itọ́ tọ́ òwú. Ó mú un sún mọ́ ojú, ó mú un jìnnà, ó na apá méjèèjì tán pátápátá. Ó gún ọ̀tún, ó gún òsì, ó gún afẹ́fẹ́.

"Ràkúnmí ló jọ pé o fẹ́ mú gba ojú abẹ́rẹ́ yẹn kọjá," ẹ̀gbọ́n wí.

"Iná yàrá yìí ò dáa ni!"

"Yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ojú gbogbo ayé wò?"

Dókítà kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ìwọ ọmọ yìí," ẹ̀gbọ́n wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, "mo ti mọ̀ láti ìdí ẹsẹ̀ kẹta orin." Ó gba abẹ́rẹ́, ó bọ́ férémù náà, ó fi òwú sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó yíjú sí òjìji aláṣọ funfun tó wà níwájú rẹ̀. "Dókítà, Ọlọ́run á bù kún yín. Òótọ́ lẹ sọ fún mi. Ẹ jẹ́ kí n máa gbé ojú mi lọ."

Lójú ọ̀nà, àbúrò ò ka pátákó kankan. Ó ń rìn bí adìẹ tí òjò pa. Nígbà tó yá, àánú rẹ̀ ṣe ẹ̀gbọ́n.

"Kí ni wọ́n kọ sí èyí tó wà lókè ọ̀hún?"

Àbúrò gbójú sókè. "Yàrá wà fún ìyálò."

"Ó ṣì wà? Ilé náà ń jò nìyẹn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, jókòó tì mí. Èmi á máa sọ ọ̀rọ̀ orin sí ọ létí, ìwọ náà á máa sọ fún mi ẹni tó ń sùn níwájú."

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Alábẹ́rẹ́ ti hun kóòtù náà tán, ó ti gbé e kọ́ padà, ó ti gbé awò sórí, ó ń ti yàrá ẹ̀yìn bọ̀. Òjìji dúdú gíga kan tún dúró lẹ́nu ọ̀nà. Inú bí i.

"Ẹ̀ẹ̀kan lo rí mi mú," ó wí fún un. "Kóòtù lásán-làsàn! Dúró síbẹ̀ kí o máa ṣe bí àgbà. Èmi tí mo hun apá rẹ, mi ò ní kí ọ."

Òjìji náà mira. Ó gbé apá kóòtù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sókè sínú ìmọ́lẹ̀, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ohùn ọ̀gá alágbàfọ̀ ló jáde.

"Níbo ló ti ya tẹ́lẹ̀?"

Ìyá Alábẹ́rẹ́ fa awò sílẹ̀ sí ojú. Ó fi orúnkún kanlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà." Ó dìde, ó tún gbé awò rẹ̀ padà sórí, ó sì kọjá lọ sídìí iṣẹ́.