Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Àgbájọ

Láníyì kì í gbàgbé ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ ẹ́ lónìí, bó pẹ́ títí, yóò ṣì rántí irú bàtà tí onítọ̀hún wọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ọ̀rọ̀ òun àti Diméjì ṣe rí nìyẹn. Ọmọ ìlú kan náà ni wọ́n, Abuja ló tún pa wọ́n pọ̀. Láníyì ń ta ẹja tútù ní ọjà Kado; Diméjì, tó kéré sí i lọ́jọ́ orí dáadáa, ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì. Ní ìpàdé ọmọ ìlú, lójú gbogbo ayé, Diméjì wo àwòrán ọkọ̀ òfurufú tí Láníyì gbé dání, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá Láníyì, ọkọ̀ yín yìí ò mà ju ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje lọ. Ibo ni odindi ìlú máa wọ̀ sí nínú ẹ̀?"

Gbogbo ìpàdé rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí Diméjì bá jókòó sápá ọ̀tún, Láníyì á gbé àga tirẹ̀ lọ sápá òsì.

Ìwé ìtàn alàwòrán ni wọ́n ń fi ọkọ̀ náà ṣe. Láníyì ló ń ro ìtàn, Kúnbi ọmọ rẹ̀ ló ń yà á. Nínú ìtàn ọ̀hún, ilé ayé ti gbóná kọjá ohun tí ara lè gbà. Odindi ìlú kan, ọ̀kẹ́ kan ènìyàn, kó sínú ọkọ̀ tó ń jẹ́ Àgbájọ, wọ́n ń lọ sí ayé mìíràn. Ọ̀nà náà jìn débi pé àwọn ọmọ ọmọ wọn ni yóò débẹ̀. Nítorí náà, oko wà nínú ọkọ̀, odò wà níbẹ̀, itẹ́ òkú pàápàá wà níbẹ̀. Ohun kan ni Láníyì ò gbà kí ẹnikẹ́ni yí padà: wọn ò gbọdọ̀ fi ẹnì kankan sílẹ̀.

Òun ló mọ ohun tó rí. Nígbà tó wà ní kíláàsì kẹta, bàbá rẹ̀ kó ẹbí kúrò lóko lọ sí Ìlọrin. Lọ́rì kún. Wọ́n ní kí Láníyì dúró ti ìyá àgbà, pé àwọn ń bọ̀ wá mú un. Ẹnikẹ́ni ò padà wá. Ibi tí ilé-ìwé rẹ̀ parí sí nìyẹn. Bàbá náà ti kú, Láníyì ò tíì forí jì í tán.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, Kúnbi kó àwọn àwòrán jáde sórí tábìlì níta. Ọjọ́ Ajé ni àwọn atẹ̀wé ní Wuse fẹ́ gbà wọ́n. Ojú ọmọ náà ò dáa.

"Dádì, ẹ má bínú o. Ọ́ńkù Diméjì ò parọ́."

"Diméjì wo?"

"Ẹ wo ibí." Ó fi ìka sí ojú ewé tí ọ̀gá awakọ̀ ti di ilẹ̀kùn mú, tó fẹ́ wọlé. "Ilẹ̀kùn yìí fi díẹ̀ ga ju èèyàn lọ. Mo wá fi wọn ọkọ̀ látiwájú dé ẹ̀yìn. Kò gùn ju ọjà Kado lọ. Tí oko àti odò bá ti gba tiwọn, àwọn èèyàn á wá…"

"Á wá kí ni?"

"Á wá dà bí ẹja inú páálí, Dádì."

Láníyì mọ páálí ẹja. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó, orí sí ìrù, láìfi àyè sílẹ̀. Ó lanu láti sọ pé wọ́n á wọ̀ ọ́. Ó wá rántí pé òkú ni gbogbo ẹja inú páálí.

"Ẹ jẹ́ ká dín wọn kù," Kúnbi sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Kí wọ́n jẹ́ igba. Àwọn yòókù á dúró de ọkọ̀ kejì."

"Ọkọ̀ kejì kì í wá!" Ohùn rẹ̀ dẹ́rù ba òun fúnra rẹ̀. "Tún un yà."

"Odindi ọdún kan ni mo fi yà á, Dádì. Ọ̀túnla sì lọjọ́ Ajé."

Ìrètí ìwé náà ń jó rẹ̀yìn lójú Láníyì, kò sì mọ ohun tó lè ṣe sí i.

"Ẹ jẹ́ n pe Ọ́ńkù Diméjì. Ó mọ ìṣirò."

"Pè é. Ṣùgbọ́n kó yé e pé èmi kọ́ ni mo pè é."

Nírọ̀lẹ́, Diméjì fọn fèrè mọ́tò níwájú géètì. Láníyì dìde fúnra rẹ̀. Kò fọwọ́ kan géètì ńlá. Ilẹ̀kùn kékeré ara rẹ̀ ló ṣí.

"Bọ̀dá, mọ́tò mi ńkọ́?"

"Ìta ò ní pa mọ́tò ẹ. Bó o bá fẹ́ wọlé, wọlé."

Diméjì ga bí òpó iná. Ó bẹ̀rẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ tó, irin gbá a lórí. "Yéè! Kai! Géètì tí tírélà lè gbà kọjá, ihò eku lẹ ní kí n gbà!"

"Ihò eku náà lèmi onílé ń gbà lójoojúmọ́."

Kúnbi ò rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ géètì náà, irin gbàgàdà, pẹ̀lú ilẹ̀kùn kékeré lára rẹ̀ bí àpò lára agbádá.

"Ọ́ńkù, ẹ dúró síbẹ̀! Ẹ má mira!"

"Ṣé kí n tún forí gbá a ni?"

Kúnbi ti mú pẹ́ńsù. "Dádì, ilẹ̀kùn tí ọ̀gá awakọ̀ dì mú, ìyẹn kékeré ni. Ara géètì ló wà! Èyí tá à ń rí lára ọkọ̀ látòkèèrè, géètì gan-an nìyẹn. Fèrèsé ara ọkọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ti yàrá. Odindi àdúgbò ló wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn."

Diméjì sún mọ́ tábìlì, ó ń fọwọ́ ra orí. "Ṣé èèyàn tún dúró síta ọkọ̀ ní ojú ewé mìíràn, tí òǹkàwé á fi lè wọn ọkọ̀ mọ́ ọn?"

"Rárá. Dádì ò gbà. Wọ́n ní ọ̀gá awakọ̀ ò gbọdọ̀ máa dúró síta bíi máígádì."

"Orí kunkun yín ṣe wá lóore lónìí, Bọ̀dá." Diméjì yọ fóònù. "Ẹ jẹ́ kí géètì ga ju ilẹ̀kùn kékeré lọ nígbà ọgọ́rùn-ún. Ọkọ̀ náà á gùn sí i nígbà ọgọ́rùn-ún. Bí imú ẹ̀ bá wà ní Kado, ìdí ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Kuje. Ó tún fẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó tún ga bẹ́ẹ̀. Àyè inú ẹ̀ á wá jẹ́ ìlọ́po mílíọ̀nù kan ti tẹ́lẹ̀."

"Àwọn arúgbó ńkọ́? Àwọn tí ò lè rìn?"

"Wọ́n á wọ̀ ọ́."

"Ọmọdé?"

"Bọ̀dá, tewúrẹ́ tewúrẹ́. Gbogbo Abuja á wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì tún ráyè gbé àga yín sá fún mi."

Láníyì jókòó. Èémí tó mí jáde gùn débi pé Kúnbi gbójú sókè wò ó. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò rín lójú Diméjì láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ náà ti ń ya agbo màlúù sísàlẹ̀ géètì ọkọ̀, wọ́n kéré bí èèrà, kí òǹkàwé lè mọ bó ṣe tóbi tó.

"Mi ò tíì gbàgbé ìpàdé yẹn o," Láníyì wí.

"Mo mọ̀ pé ẹ ò lè gbàgbé."

"Ẹja wà lórí iná. Jẹun kó o tó lọ."

Kúnbi ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn, níbi tí ọkọ̀ ti gbéra, tí títì ìlú ṣófo gbọlọhun.

"Dádì, ṣé kí n ya ẹnì kan síbẹ̀, kó máa juwọ́ sí wọn? Ibẹ̀ dá páropáro jù."

"Rárá," Láníyì dá a lóhùn. "Jẹ́ kó dá."