Ike Kékeré tí Gbogbo Ìjọ Dì Mú

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, wọ́n fún àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì, nítorí wọ́n ṣàwárí bí ara ṣe ń tún DNA tó bàjẹ́ ṣe. Orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Àbísóyè kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí kò dí i lọ́wọ́ àtiṣe ìdúpẹ́. Ó ní irú iṣẹ́ kan náà làwọn ń ṣe ní Johannesburg níbí, pé òun tiẹ̀ ti jókòó sẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn rí níbi àpérò kan. Bẹ́ẹ̀ ni, ó rí ìpàkọ́ ọkùnrin náà dáadáa. Kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì, ó ti gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́wọ́ pásítọ̀ wọn ní àdúgbò Bruma láti fi dúpẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an ni Tiwalọlá, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ló fi yọ purotéènì kan jáde, èyí tó máa ń gé ibi tó bàjẹ́ lára DNA kúrò. Gbogbo ohun tó rí kò kún ike onídèérí tí kò ju ọmọńdinrín lọ. Inú fírísà ló ń gbé. Bí ooru bá fi lè kàn án pẹ́, ó parí. Ọjọ́ Ajé ló fẹ́ lò ó fún ìdánwò tó kẹ́yìn, kí àpilẹ̀kọ wọn lè jáde. Orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ṣíwájú nínú àpilẹ̀kọ ọ̀hún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ibi tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe é.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ọ̀jọ̀gbọ́n yọjú sí láàbù, ó ní òun fẹ́ gbé ike náà lọ fi han ìjọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n fún yín ní èyí tó ṣófo. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Ṣé kí n lọ purọ́ níwájú pẹpẹ ni?"

Tiwalọlá ní ó ti yé òun. Ó ní kó jókòó, òun ń lọ gbé e wá. Ó yà sídìí ẹ̀rọ omi, ó bu omi sínú ike mìíràn, ó fi kálàmù kọ déètì sí i lára bó ṣe máa ń kọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Ọ̀jọ̀gbọ́n wọ kóòtù tí ènìyàn ń wọ̀ lọ gba ẹ̀bùn náà fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá di ogójì. Ó na ike sókè, ó ní ohun tí Ẹlẹ́dàá fi ń tún wa ṣe rèé lọ́wọ́ òun. Pásítọ̀ Láolú, tó jẹ́ ẹnjiníà ní Sandton láàárín ọ̀sẹ̀, ní irú nǹkan báyìí kò gbọdọ̀ kọjá láìjẹ́ pé gbogbo ìjọ fọwọ́ kàn án. Ni ike bá ń lọ láti àga dé àga. Dókítà Fèyíkẹ́, tó yẹ kó mọ̀ jù wọ́n lọ, gbé e lé orúnkún tó ń dùn ún. Ọmọ kan fi èdè Gẹ̀ẹ́sì béèrè bóyá júùsì ni, ìbéèrè onímọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n béèrè lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kó panu mọ́.

Nígbà tí ike dé àga kẹfà, Ọ̀jọ̀gbọ́n rántí ohun tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní nípa ooru. Ó wo Tiwalọlá. Ọmọbìnrin náà ń kọrin.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣáájú Tiwalọlá dé láàbù, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Kò béèrè bóyá purotéènì ṣì wúlò. Lẹ́tà ló mú dání, ó ti tẹ̀ ẹ́ tán: Tiwalọlá gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn fírísà ní òpin ọ̀sẹ̀, purotéènì sì bàjẹ́.

"Bàbá ni mo jẹ́ fún ẹ níbí," ó ní. "Ọmọdé ṣì ni ẹ́, irú ẹ̀bi báyìí ò lè pa ẹ́ lára. Èmi ti lórúkọ. Bu ọwọ́ lù ú."

Tiwalọlá kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó tì í bọ àpò. Ó ṣí fírísà, ó fa ike kan yọ, yìnyín ṣì wà lára rẹ̀.

"Omi ẹ̀rọ ni ìjọ dì mú lánàá, sà."

Inú bí Ọ̀jọ̀gbọ́n, àmọ́ kò ríbi gbé ìbínú náà sí. Bó bá pariwo, yóò ní láti sọ ohun tó ń pariwo lé lórí.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi àti ẹ̀yin. Lẹ́tà yín wà lọ́wọ́ mi. Orúkọ mi ló yẹ kó ṣíwájú nínú àpilẹ̀kọ yẹn, sà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ohun tó ti wà lọ́kàn òun tẹ́lẹ̀ nìyẹn, pé ó yẹ kí a máa gbé àwọn ọ̀dọ́ ga. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó pààrọ̀ ipò orúkọ méjèèjì lójú Tiwalọlá. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀: Dókítà Fèyíkẹ́ ti pè é láàárọ̀, ó ní orúnkún òun kò dun òun mọ́, kó jọ̀ọ́ tún gbé nǹkan náà wá lọ́jọ́ Ìsinmi.

"Ẹ gbé e lọ, sà," ni Tiwalọlá wí, ó ti ń wọ ìbọ̀wọ́ fún iṣẹ́. "Ẹ̀rọ omi ò jìnnà."