Ọ́ìlì Nídìí Òdòdó Màmá

Ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ ni obìnrin aránṣọ kan tó padà wá gbé ilé bàbá rẹ̀. Kò tíì gbé àpò kalẹ̀ tó fi rí igi òdòdó tí ìyá rẹ̀ gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé ìdáná. Igi tó máa ń pupa fòò láti ìdí dé orí ti gbẹ. Ewé ara rẹ̀ kò pé mẹ́wàá. Ó bu erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, ó gbé e símú. Ọ́ìlì ọkọ̀ ni.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ mẹkáníìkì, wà lábẹ́ ọkọ̀ kan níwájú ilé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta.

"Jáde níbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ jẹ́ kí n di nọ́ọ̀tù kan."

"Mo ní kí o jáde."

Ó wọ́ ara rẹ̀ jáde, ó ń nu ọwọ́.

"Ta ló ń da ọ́ìlì sídìí òdòdó Màmá?"

"Èmi ni. Igi lásán náà ni."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọ̀rọ̀ gún un lára débi pé oníbàárà tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì dìde, ó ní òun á padà wá lọ́la.

Kò jẹ, kò mu. Ó so ìró mọ́dìí, ó mú ṣọ́bìrì. Àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́fà ni ó fi kó erùpẹ̀ dúdú náà kúrò. Nígbà tó kan gbòǹgbò, ó fi ọwọ́ wà á. Ó bu erùpẹ̀ tuntun wá láti ẹ̀yìnkùlé, ó pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà. Ó wá ń fi èékánná ha èèpo ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ti kú. Ìdí nìkan ló ṣì tutù. Ó fi ayùn gé igi náà dé ìwọ̀n orúnkún, kó lè rúwé láti ìdí.

Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ ní mò ń pa á. Ta ló wá pa á báyìí?"

"Tí o bá tún la ẹnu yẹn, orí bẹ́ẹ̀dì rẹ ni màá da àpò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ lè bínú. Láràárọ̀ fún odidi ọdún kan tí Màmá fi ṣàìsàn, èmi nìkan ni mò ń gbé wọn wá síbí kí wọ́n lè wò ó. Ọjọ́ tí wọ́n kú, ńṣe ni igi yìí tanná rẹpẹtẹ, bíi pé nǹkan kan ò ṣe. Mi ò fẹ́ rí i mọ́. Ẹ̀yin dà nígbà yẹn?"

Ibi iṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nígbà yẹn, ní ìlú mìíràn. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀.

"Èmi ló yẹ kí o da ọ́ìlì lé lórí," ó wí, ohùn rẹ̀ ṣì le.

"Mo mọ̀." Àbúrò rẹ̀ padà sábẹ́ ọkọ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ káàárọ̀ àti ẹ kúulé nìkan ló ń wà láàárín wọn. Ó ń bomi rin kùkùté náà, ó ń bínú. Àbúrò rẹ̀ náà ń bínú, ṣùgbọ́n ó gbé àgbá kan sẹ́yìn géètì, ibẹ̀ ló sì ń da ọ́ìlì sí. Ní ọ̀sẹ̀ keje, ẹ̀gbẹ́ kan igi náà rúwé. Èkejì kò jí mọ́.

Ọdún kejì ló tó tanná, òdòdó mọ́kànlá péré. Mẹkáníìkì ló kọ́kọ́ rí i. Ó kan fèrèsé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jáde wá wò ó."

Aránṣọ náà jáde wá. "Ibo ni Màmá máa ń jókòó sí?"

Àbúrò rẹ̀ gbé àga kan wá, ó gbé e síbi tí Màmá máa ń jókòó sí gan-an, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí àwọn àárọ̀ yẹn ṣe máa ń rí fún un.